Ẹ Yẹ Ilé Wò Kí Ẹ Tó Tọwọ́ Bọ̀wé: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ra Ilé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé mọ ohun tí ó fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilé tí ẹlòmíràn ti kọ́ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọ̀dà tuntun ni ojú rẹ̀ rí. Kò mọ̀ bóyá itọ́ ni ó wà lábẹ́ ọ̀dà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kan àwọn òbí tí ó wà nílé, tí àwọn ọmọ wọn ń pè láti Peckham, Thamesmead tàbí Dagenham pé, “Bàbá, a ti rí ilé kan o, ẹ bá wa fi àdúrà sí i.” Gbogbo wa ni a mọ bí wọ́n ṣe ń rí owó ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ á ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ìyàwó á ṣiṣẹ́ òru, wọn á dá àjọ, títí owó àsansílẹ̀ yóò fi pé. Báńkì á yá wọn ní ìyókù, wọn á sì máa san án fún ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n irú owó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àdúrà pẹ̀lú ojú tí ó là.

Sọ́fè ilé kì í ṣe sọ́fè ilẹ̀

Nílé wa níhìn-ín, bí a bá gbọ́ sọ́fè, ilẹ̀ ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Awọnlẹ̀ á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, á ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ igun ilẹ̀, á sì ya àwòrán tí ó fi ibi tí ilẹ̀ náà dé hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ènìyàn bá ń ra ilé, ohun mìíràn ni sọ́fè túmọ̀ sí. Ilé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò: òrùlé, ògiri, àjà, fèrèsé, ojú ọ̀nà omi, àti ọ̀rinrin tí ń gun ara ògiri. Ní ti ẹni tí ó ni ilẹ̀, lọ́yà ni yóò wádìí ìyẹn nínú ìwé ìjọba. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ lọ́yà ti tó, ìdajì ọ̀nà ni ó tíì rìn.

Ní England àti Wales, ẹni tí ń ta ilé kò gbọdọ̀ fi irọ́ dáhùn ìbéèrè tí a bá bi í, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti mú yín yí ilé ká, kí ó máa tọ́ka sí ibi tí ó ti bàjẹ́. Ẹni tí ń rà á ni yóò wá a rí. Ní Scotland nìkan ni ó yàtọ̀: láti oṣù Kejìlá ọdún 2008, ẹni tí ń ta ilé ni ó ń pèsè ìwé àyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilé tí ó bá dé ọjà.

Báńkì ń ṣọ́ owó ti ara rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Báńkì á sọ fún yín pé àwọn ti wo ilé náà, ó sì tẹ́ àwọn lọ́rùn. Inú yín á dùn, ẹ ó rò pé wọ́n ti bá yín yẹ ilé wò. Rárá o. Ohun tí báńkì fẹ́ mọ̀ ni pé bí ẹ kò bá lè san gbèsè yín mọ́, ṣé ilé náà yóò tó tà láti fi gba owó tiwọn. Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n rán kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ẹnikẹ́ni kò dé ibẹ̀ rárá. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣírò iye tí ilé tó.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Norwich. Ní ọdún 1980, obìnrin kan fẹ́ ra ilé kékeré kan. Ẹgbẹ́ tí yóò yá a lówó rán ayẹléwò lọ, ayẹléwò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí àtúnṣe pàtàkì kan tí ilé náà ń fẹ́. Wọ́n fún obìnrin náà ní ẹ̀dà ìwé yìí. Ó gbà á gbọ́, kò wá ẹlòmíràn, ó sì ra ilé. Ó ṣe, wọ́n ti wó ìsàlẹ̀ símínì, ìyẹn ọwọ̀n bíríkì tí èéfín ń gbà jáde, kúrò nínú yàrá, wọn kò sì fi ohun tí ó lágbára gbé èyí tí ó kù lókè ró. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 18, bíríkì ya lulẹ̀, ó la òrùlé já, ó bọ́ sínú ilé. Ẹjọ́ náà lọ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ tí ó ga jù lọ nígbà náà. Ọdún 1989 ni wọ́n tó dá a pé obìnrin náà jàre, pé ó yẹ kí ayẹléwò mọ̀ pé ẹni tí ń ra irú ilé kékeré bẹ́ẹ̀ yóò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ òun.

Ó jàre lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún tí ó wà láàárín. Ta ni nínú wa ni ó fẹ́ fi ọdún bẹ́ẹ̀ ṣe ẹjọ́ nítorí símínì?

Oríṣi mẹ́ta tí ó wà

Ẹgbẹ́ àwọn ayẹléwò tí ó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà ni RICS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1868. Láti ọdún 2021 ni ìlànà wọn ti pín àyẹ̀wò ilé sí ìpele mẹ́ta.

Ìpele kìíní ni ó kúrú jù, òun náà ni owó rẹ̀ kéré jù. Ó ń sọ bí ilé ti rí, ṣùgbọ́n kò gba yín nímọ̀ràn lórí àtúnṣe. Ilé tí kò tíì pẹ́, tí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé lásán, tí ara rẹ̀ sì le, ni ó yẹ fún.

Ìpele kejì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú. Ó ń sọ àbùkù tí ó hàn, ó sì ń sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i. Ó yẹ fún ilé tí wọ́n fi ohun ìkọ́lé tí gbogbo ayé mọ̀ kọ́, tí wọn kò sì yí padà púpọ̀.

Ìpele kẹta ni ó jinlẹ̀ jù. Ó ń sọ àbùkù, ohun tí ó fà á, bí a ó ṣe tún un ṣe, àti ohun tí yóò dé bí a kò bá tún un ṣe. Ilé àtijọ́, ilé tí wọ́n ti fa yàrá kún, ilé tí wọ́n ti wó ògiri inú rẹ̀, ilé tí ó ti ń bàjẹ́, ìpele kẹta ni gbogbo wọn ń fẹ́.

Nínú ìwé wọn, ẹ óò rí àwọ̀ mẹ́ta. Àwọ̀ ewé ni pé kò sí wàhálà lọ́wọ́lọ́wọ́. Àwọ̀ ọsàn ni pé àtúnṣe wà, ṣùgbọ́n kò le. Pupa ni pé ọ̀ràn náà wúwo tàbí pé ó ń kánjú.

Ọjọ́ orí ilé ni kí ẹ wò

Ìmọ̀ràn wa kò ju èyí lọ: ẹ má ṣe fi owó yan àyẹ̀wò, ilé ni kí ẹ fi yàn án. Púpọ̀ nínú ilé tí àwọn ènìyàn wa ń rà ní gúúsù London ti wà láti ayé Ọbabìnrin Victoria, tí ó wàjà ní 1901. Amọ̀ ni ó wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí òjò bá rọ̀, amọ̀ náà á wú. Bí ọ̀dá bá dé, tàbí bí igi ńlá bá fa omi inú rẹ̀ mu, á súnkì. Ilé tí ó dúró lé e lórí á rì ní apá kan, ògiri rẹ̀ á sì sán, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lẹ́yìn ọ̀dá ńlá ti ọdún 1976. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Bí ó bá ti lanu, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò ni yóò sọ bóyá ọ̀dà ni ó sán tàbí ìpìlẹ̀. Ẹni tí ó mú ìpele kìíní fún irú ilé bẹ́ẹ̀ nítorí ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan, ẹ rán an létí pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bí ó bá jẹ́ ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ akọ́lé, ẹ wá ẹni tí yóò ka àbùkù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí akọ́lé tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ fúláàtì, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó òrùlé, àti ohun tí wọ́n fi bo ara ògiri lóde. Ẹ rántí iná Grenfell ní London ní ọdún 2017, tí ó pa ènìyàn 72.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí onílé kọ́kọ́ gba iye tí ẹ dá lé e, kí ẹ tó pe ayẹléwò. Ṣùgbọ́n ẹ pè é kí àwọn lọ́yà tó pàrọ̀ ìwé àdéhùn. Lẹ́yìn pípàrọ̀ ìwé, ẹni tí ó bá padà sẹ́yìn lè pàdánù owó àsansílẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe gba ayẹléwò tí alágbàtà bá mú wá láìwádìí, nítorí ẹni tí ń ta ilé ni alágbàtà ń ṣiṣẹ́ fún. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹgbẹ́ RICS, ẹ béèrè bóyá ó ní ìńṣọ́ránsì, kí ẹ sì sọ ohun tí ń kọ yín lóminú fún un kí ó tó lọ.

Ẹ mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ dé pẹ̀lú. Kì í ká kápẹ́ẹ̀tì tí a kàn mọ́lẹ̀, kì í la ògiri, kì í sì í dán iná mànàmáná wò. Bí ó bá ní kí ẹ pe oníná tàbí ẹlòmíràn, ẹ pè é kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé.

Bí ìwé bá dé tí pupa bá wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe kánjú bínú sí ilé náà. Ẹ lè ní kí onílé dín owó kù, ẹ lè ní kí ó tún un ṣe, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ fún un. Owó àyẹ̀wò yóò lọ, ó dùn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilé pọ̀ ní ìgboro. Ilé tí a bá fi òógùn ojú rà, ó yẹ kí a lè sùn nínú rẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀.