Àbá Inú Àpótí Àdírẹ́sì: Ohun tí Ó Ń Ṣì Í Lọ́nà àti Bí A Ti Ń Tọ́ Ọ Sọ́nà

Ní ọjà Kétu, ẹni tí ó bá ti ń ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ìyá kan fún ìgbà pípẹ́ kì í ní láti dárúkọ ohun tí ó wá rà. Kí ó tó kí ìyá náà tán, ọwọ́ ìyá ti wà nínú igbá èlùbọ́. Bí ó bá wá ṣe gaàrí ni oníbàárà náà fẹ́ lọ́jọ́ náà, àfi kí ó tètè sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpótí tóóró tí ó wà lókè aṣàwákiri rí. Aṣàwákiri ni ètò tí a fi ń ṣí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù. Chrome àti Firefox wà lára àwọn tí ènìyàn mọ̀ jù lọ. Inú àpótí yìí ni a ń kọ àdírẹ́sì sí, inú rẹ̀ náà ni a sì ń kọ ìbéèrè sí. Kí ènìyàn tó tẹ lẹ́tà mẹ́ta tán, àbá yóò ti tò lọ bẹẹrẹ sísàlẹ̀. Nígbà tí àbá náà bá bá èrò ọkàn rẹ̀ mu, inú rẹ̀ a dùn. Nígbà tí kò bá bá a mu, tí ó sì ń padà wá lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ a máa rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò sábà bàjẹ́. Ohun tí ó yẹ ní wíwádìí ni ibi tí àbá náà ti wá, nítorí pé oògùn tí ó wo ti ibì kan sàn kò kan ti ibòmíràn.

Ibi méjì pàtàkì ni àbá ti ń wá. Èkíní ni ipasẹ̀ ẹni tí ó ń lo kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: àwọn ojú-ewé tí ó ti ṣí rí, àwọn tí ó fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ààyò, àti àwọn tí ó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́. Firefox kẹta, tí ó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀nà yìí di olókìkí. Ó ń fún ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ní máàkì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣí i léraléra tó, àti bí ó ti pẹ́ tó tí a ṣí i kẹ́yìn. Èkejì ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ni wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Google bẹ̀rẹ̀ sí dán irú àbá bẹ́ẹ̀ wò ní oṣù Kejìlá ọdún 2004. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti béèrè rí ni ó fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ó sì ń wo èdè àti ibi tí ènìyàn wà mọ́ ọn. Nígbà tí Chrome jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ó da ibi àdírẹ́sì àti ibi ìbéèrè pọ̀ sínú àpótí kan ṣoṣo. Omi odò àti omi òjò bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sínú ìkòkò kan náà, ẹni tí ó ń bu mu kò sì mọ èyí tí ó kan án lẹ́nu mọ́.

Orí omi àdàlù yìí ni ọgbọ́n àtọwọ́dá bá wọn. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ òfin tí ó ń sọ àbá tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò kẹ́yìn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Google kéde pé láti orí ẹ̀dà 124, Chrome orí kọ̀ǹpútà yóò máa lo ẹ̀kọ́ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ́ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn ń yàn. Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn onímọ̀ náà sọ nígbà náà yẹ ní gbígbọ́. Wọ́n ti rò pé bí ó bá ṣe pẹ́ sí tí a ṣí ojú-ewé kan ni máàkì rẹ̀ yóò ṣe máa dínkù, àti pé èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni yóò gba máàkì jù. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí, àfi ní ibì kan: bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ péré ni ó ti kọjá, ẹ̀rọ náà ń gé máàkì ojú-ewé ọ̀hún kù. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ó ṣí ojú-ewé kan, tí ó sì sáré padà sínú àpótí lójú ẹsẹ̀, kì í sábà jẹ́ ẹni tí ó rí ohun tí ó ń wá. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ẹ̀rọ náà ní èyí. Ìṣe àwọn ènìyàn ni ó wò tí ó fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ: ohun tí ènìyàn máa ń ṣe ni ó mọ̀, kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Àdírẹ́sì tí a fi àṣìṣe kọ, tí a sì ń tẹ̀ lé àbá rẹ̀ lójoojúmọ́ láìfojú sí i, ààyò ni lójú rẹ̀.

Láti mọ ibi tí àbá tí kò tọ́ ti wá, àmì tí ó wà níwájú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Awò tí a fi ń wo ohun kékeré dúró fún ìbéèrè tí a óò gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ ìwákiri. Ìràwọ̀ dúró fún ojú-ewé tí a fi pamọ́. Bí àmì náà kò bá yé ènìyàn, kí ó gé ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tún tẹ lẹ́tà kan náà. Àbá tí ó bá ṣì jáde, inú kọ̀ǹpútà náà gan-an ni ó sábà ti wá. Èyí tí ó bá pòórá, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbé e wá.

Ti inú ilé rọrùn láti tún ṣe. A óò fi ọfà ìsàlẹ̀ rìn dé orí àbá búburú náà, a óò sì tẹ Shift pọ̀ mọ́ Delete, èyí tí wọ́n ń kọ Suppr sí lára lórí kọ̀ǹpútà àwọn Faransé. Àbá náà yóò parẹ́. Bí ó bá kọ̀ tí kò parẹ́, ó ṣeé ṣe kí ó wà lára àwọn ojú-ewé tí a fi pamọ́, ibẹ̀ ni a ó sì ti lọ mú un kúrò. Ní Firefox, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tẹ àmì ^ tí ó sì fi àlàfo díẹ̀ sí i, àwọn ojú-ewé tí ó ti ṣí rí nìkan ni yóò rí. Àmì * yóò fún un ní àwọn tí ó fi pamọ́. Ní Chrome, àmì @ ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ti ń lo kọ̀ǹpútà kan, bí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí sáíbà, kí olúkúlùkù fi Ctrl, Shift àti Delete pa ipasẹ̀ rẹ̀ rẹ́ kí ó tó dìde, nítorí pé àpótí yìí kò mọ àṣírí: lẹ́tà méjì péré tó fún un láti tú ohun tí ẹni àná wò fún ẹni òní. Kí ẹni tí ó bá so Chrome mọ́ àkáǹtì rẹ̀ sì rántí pé ohun tí ó pa rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yóò parẹ́ lórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú.

Ti ọ̀nà jíjìn kò ṣeé pa rẹ́ bẹ́ẹ̀. Dídá a dúró ni ó kù, inú ibi tí wọ́n kọ Paramètres sí ni a sì ti ń ṣe é. Ìdí kan wà tí ó fi yẹ kí a ronú sí i, bí àbá náà tilẹ̀ tọ̀nà. Kí ilé-iṣẹ́ ìwákiri tó lè dá àbá, ohun tí a ń tẹ̀ ní láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí a tó tẹ bọ́tìnì ìparí rárá. Ẹni tí ó ṣèèṣì kọ ọ̀rọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ sínú àpótí yìí, tí ó sì sáré pa á rẹ́, ó ti lè pẹ́ jù.

Ó ku ìyọnu kan tí bọ́tìnì kò lè tán, òun ni ó sì kan àwọn Nàgó jù lọ. Àbá ọ̀nà jíjìn, iye ènìyàn ni ó ń gbé e ró. Ní Benin, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ọdún 1975, tí wọ́n sì tún yẹ̀ wò ní ọdún 1990 àti 2008, ń lo ɛ, ɔ, kp àti sh níbi tí àkọtọ́ Nàìjíríà ti ń lo ẹ, ọ, p àti ṣ. Lójú ènìyàn, iṣẹ́ àti ishɛ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Lójú ẹ̀rọ tí ó ń ka lẹ́tà, méjì ni wọ́n, ise tí kò ní àmì kankan sì jẹ́ ìkẹta. Àwọn tí ìbá pọ̀ bí wọ́n bá péjọ wá pín sí agbo mẹ́ta, agbo Faransé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò sì pín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Pọ́bẹ̀ lè kọ ishɛ́ bí olùkọ́ rẹ̀ ti kọ́ ọ, kí àpótí sì na ọ̀rọ̀ Faransé sí i. Bí kò bá sí ẹni tí yóò là á yé e, yóò gbà pé òun ni òun kò mọ̀ ọ́n kọ.

Lẹ́tà méjèèjì kò tilẹ̀ rí bákan náà nínú kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, tí í ṣe ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ṣeé tú sí e àti àmì ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ɛ kò ṣeé tú: lẹ́tà kan ni lódindi. Nítorí náà, ètò tí ó bá ń bọ́ àmì kúrò lára ọ̀rọ̀ yóò sọ oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di oko kan náà, yóò sì máa mú oko àgbẹ̀ wá fún ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ ojú irin. Ó lè bọ́ àmì ohùn kúrò lára ɔkɔ̀, ṣùgbọ́n ɔkɔ kò ní di oko láéláé. Èrè ni èyí jẹ́ fún àkọtọ́ Benin. Àdánù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ɔ lórí bọ́tìnì rẹ̀, tí ó sì fi o rọ́pò rẹ̀, kò ní rí ohun tí a fi ɔ kọ.

Àwọn kan a máa fi ε ti àwọn Gíríìkì rọ́pò ɛ, nítorí pé wọ́n jọra. Ojú ni wọ́n fi jọra. Ohun tí a fi ɛ pamọ́, ε kò ní rí i. Bí ó bá sì jẹ́ inú orúkọ àdírẹ́sì ni lẹ́tà Gíríìkì yìí ti bọ́ sáàárín àwọn tiwa, aṣàwákiri yóò fura pé ẹlẹ́tàn ni ó kọ ọ́, yóò sì fi orúkọ náà hàn ní ìrísí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú xn--, èyí tí kò ṣeé kà.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àpótí máa gbọ́ Nàgó lè lo àwọn ojú-ewé tí ó fi pamọ́. Orúkọ tí ó bá fún ojú-ewé ni àpótí ń wò, ó sì lè fún un ní orúkọ tí ó wù ú. Kí ó kọ ishɛ́, iṣẹ́ àti ise sínú orúkọ kan náà tẹ̀lé ara wọn. Èyíkéyìí tí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ̀ lẹ́yìn náà, àbá tí olùkọ́ fi síbẹ̀ yóò jáde, ìsopọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ì báà máa sí lọ́jọ́ náà.