Àyẹ̀wò ní "e" ti tán, kòkòrò mẹ́dọ̀wú ṣì ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ

Inú ọ̀pọ̀ ẹni tó ní àrùn mẹ́dọ̀wú B, tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B, a máa dùn bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé èròjà "e", èyí tí wọ́n ń kọ ní HBeAg sórí ìwé, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́. Kò sì burú bí inú wọn bá dùn, nítorí kòkòrò àrùn náà a máa tú èròjà yìí jáde nígbà tó bá ń bí sí i gidigidi. Àmọ́ ẹjọ́ ò parí síbẹ̀. Nígbà mìíràn, kòkòrò náà kò sinmi rárá. Èròjà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni kò ṣe mọ́.

Jíìnì kòkòrò yìí dà bí ìwé kékeré tí lẹ́tà inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,200. Kó tó lè bí sí i, àfi kó da ìwé náà kọ, bẹ́ẹ̀ adàwékọ rẹ̀ kì í padà yẹ iṣẹ́ wò. Àṣìkọ ò ní ṣàì wọ̀ ọ́. Èyí tó lókìkí jù wà ní lẹ́tà 1896, níbi tí A ti gba ipò G: àmì ìdúró hù láàárín gbólóhùn, iṣẹ́ ṣíṣe "e" sì dáwọ́ dúró. Ní 1989 ni W. F. Carman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet, lára àwọn aláìsàn láti Gíríìsì àti Ítálì. Àṣìkọ méjì mìíràn, ní 1762 àti 1764, sábà máa ń rìn pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló sì so wọ́n mọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Irú kòkòrò tí wọ́n pè ní E ló gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì wà lára àwọn tí lẹ́tà 1896 wọn lè yí padà wẹ́rẹ́. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá kó o lára ìyá nígbà ìbí, bíi mẹ́sàn-án ni yóò dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó pé ogójì ọdún, "e" lè ti pòórá tipẹ́, kí ẹ̀dọ̀ sì máa dápàá, kó máa le, láìsí ìrora kankan. Ó di ìgbà tí ikùn bá wú, tí ojú pọ́n bíi ti oníbà pọ́njú, kí àwọn ará ilé tó pariwo pé ayé ló ṣe é.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní "e" ni kòkòrò náà ti rọlẹ̀ lára wọn. Ohun tí wọ́n fi ń mọ ìyàtọ̀ ni kí wọ́n ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo bóyá ẹ̀dọ̀ ń fara gbọgbẹ́, kí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí kòkòrò tó ti para dà a máa rọ̀ lónìí, kó tún ru lọ́la. Owó kíka iye kòkòrò náà kò kéré. Ibẹ̀ gan-an ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń dúró. Oògùn tenofovir àti entecavir ń tẹ èyí tó para dà àti èyí tí kò para dà mọ́lẹ̀ bákan náà, bí wọn kò tilẹ̀ sábà lé e kúrò pátápátá.

Àwọn àṣìkọ wọ̀nyí kò kan ara òde kòkòrò náà, ara òde yìí sì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dojú kọ. Abẹ́rẹ́ náà ti wà nínú ti ọmọdé ní Nàìjíríà láti 2004. Kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí ló yẹ kí ọmọ tuntun ti gba àkọ́kọ́.