Ara Ti Yá, Ẹ Má Tíì Dá Oògùn Dúró
Fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ lọ́dọ̀ wa àti àwọn ará ilé wọn

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fi okùn so lọ́wọ́ gbé wá fún wa lóru ni a ti mọ̀ rí. Káàdì wọn wà nílẹ̀. Bí a bá bi àwọn ará ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ara rẹ̀ ti yá, ó ti ń lọ sọ́jà, a wá ní kó sinmi oògùn." Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

Oògùn wà lára ohun tó mú kí ara yá. Bí ẹ bá dá a dúró, àìsàn kì í sábà padà lọ́jọ́ kejì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, ibẹ̀ ló sì ti ń tan èèyàn jẹ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú yóò ṣì máa lò ó fún nǹkan bí oṣù 9 sí 12 lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ yóò lò ó fún ọdún 1, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ohùn náà bá ti dákẹ́; ti àwọn kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ni yóò sọ ìgbà tí a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Wòlíì kò lè sọ ọ́, ìyá ọkọ kò lè sọ ọ́. A kò ní kí ẹ má gbàdúrà o. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì lo oògùn.

Bí oògùn bá ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ọrùn le, kí itọ́ máa dà, tàbí kí èèyàn máa sanra, ẹ sọ. A lè dín in kù, a lè pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí kò lè bá aya wọn lò mọ́ kì í sọ ọ́. Wọ́n kàn ń da oògùn nù ni. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Kò ní yà á lẹ́nu. Obìnrin tó bá lóyún, kó tètè wá, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ valproate léwu fún ọmọ inú, a ó sì bá a wá òmíràn.

Ọjọ́ burúkú yóò wà. Ẹni tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lè jí lọ́jọ́ kan kó má lè dìde. Ẹ má pariwo lé e lórí pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá sùn fún òru 2 tàbí 3, tó ń sọ̀rọ̀ láìsinmi, tó ń náwó ní ìnákúnàá, tàbí tó ti ara rẹ̀ mọ́lé tí kò jẹun, ẹ má dúró de ọjọ́ tó wà lórí káàdì. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ tí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀ gan-an. Bó bá ní ikú wu òun, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn ilé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ gbé e wá, ìbáà jẹ́ lóru.

Bí ọjọ́ tó yẹ kí ẹ wá gba abẹ́rẹ́ yín bá ti kọjá, ẹ ṣáà máa bọ̀.

Ẹni tó ń ta káàdì lẹ́nu géètì kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Ibi tí wọ́n bá ti fún yín ní rìsíìtì nìkan ni kí ẹ ti sanwó. Bí aláìsàn bá sì fẹ́ rìnrìn àjò, kó wá sọ kó tó lọ, kí a lè kọ oògùn tí yóò tó o títí yóò fi dé.