Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Bí A Ṣe Lè Tún Bùráúsà Wa Tò

Ní ayé òde òní, díẹ̀ ni iṣẹ́ tí ayélujára kò kàn. Ẹni tó bá dúró ní Takie ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yóò rí i pé àti ọlọ́jà, àti akẹ́kọ̀ọ́, àti ọlọ́kadà, fóònù kò jìnnà sí ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí púpọ̀ nínú wa kò tíì fiyè sí. Bùráúsà, èyíinì ni ètò tí a fi ń ṣí ojú-ewé ayélujára, máa ń dé ọwọ́ wa bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti tò ó ni. A ní àṣẹ láti tún un tò bí yóò ti ṣe wá láǹfààní. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè pàdánù owó, ó sì lè tú àṣírí ara rẹ̀ síta láìmọ̀.

Bùráúsà wo ni a ń lò?

Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe bùráúsà àkọ́kọ́ ní ọdún 1990, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní ilẹ̀ Switzerland. Láti ìgbà náà ni oríṣiríṣi ti ń dé. Firefox jáde ní ọdún 2004, Opera Mini tàn ká gbogbo ayé ní ọdún 2006, Chrome ti Google sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2008. Internet Explorer, tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ bí a ti ń wọ ayélujára, ni Microsoft dáwọ́ rẹ̀ dúró ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Bí ó bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ìjọ yín, ẹ má ṣe fi í wọ ayélujára mọ́. Chrome ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ jù lọ nínú àlàyé yìí.

Kí dátà wa má baà ṣòfò

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ń jẹ dátà wa.

Chrome a máa gbé àwọn ojú-ewé kan wá sílẹ̀ de wa, nítorí ó rò pé a lè fẹ́ ṣí wọn. Bí a kò bá ṣí wọn, dátà tí ó lò ti lọ nìyẹn. Lórí fóònù Android, ẹ tẹ àmì tó-tó mẹ́ta tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ yan “Settings”, lẹ́yìn náà “Privacy and security”, kí ẹ wá ṣí “Preload pages”, kí ẹ sì yan “No preloading”.

Ẹni tí dátà rẹ̀ kéré púpọ̀ lè lo Opera Mini. Kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Opera ni yóò kọ́kọ́ fún ojú-ewé náà kéré kí ó tó fi ránṣẹ́ sí fóònù wa, a sì lè pàṣẹ pé kí ó má gbé àwòrán wá rárá. Ṣùgbọ́n nítorí pé ojú-ewé náà ń gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá, kò yẹ kí a fi ọ̀nà yìí ṣe ọ̀ràn báńkì.

Bí ogiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ ibẹ̀

Àwọn ojú-ewé kan a máa bèèrè bóyá wọ́n lè máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí wa. Bí a bá tẹ “Allow” láìronú, a lè bẹ̀rẹ̀ sí rí iṣẹ́ tí ń sọ pé a jẹ ẹ̀bùn, tàbí pé kòkòrò ti wọ fóònù wa. Ẹ̀tàn ni. Ẹ wọ “Settings”, “Site settings”, lẹ́yìn náà “Notifications”, kí ẹ sì pa á.

Ewu tí ó ju èyí lọ wà lórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń wo èsì ìdánwò tàbí ní ọ́fíìsì ìjọ. Bí a bá ti wọ ímeèlì wa, ojú-ewé náà yóò fi àmì kékeré kan tí à ń pè ní kúkì sínú bùráúsà, kí ó lè máa dá wa mọ̀. Bí a bá dìde láìjáde kúrò, ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn wa lè ka ímeèlì wa láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Láti inú ímeèlì yẹn ni yóò ti lè yí pásíwọ́ọ̀dù àwọn nǹkan wa mìíràn padà.

Lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí “New Incognito window” kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí bùráúsà bá ní kí òun tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ tẹ “Never”. Bí ẹ bá parí, ẹ jáde kúrò nínú ímeèlì, kí ẹ sì pa gbogbo fèrèsé Incognito náà dé. Bí ẹ bá ti gbàgbé tí ẹ lo fèrèsé lásán, ẹ wá “Delete browsing data”, tí wọ́n ń pè ní “Clear browsing data” tẹ́lẹ̀, kí ẹ yan “All time”, kí ẹ sì pa kúkì àti ìtàn ibi tí ẹ ti wọ̀ rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé Incognito kì í ṣe ibi ààbò pátápátá. Kò lè dènà ètò ìkọ̀kọ̀ tí ń ka ohun tí a ń tẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe ọ̀ràn owó lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Kí èdè wa lè hàn dáradára

A mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Bí bùráúsà kò bá rí irú lẹ́tà tí ó mọ àmì ohùn wa lò, àpótí òfìfo ni yóò gbé jáde, tàbí kí àmì náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ wọ “Appearance”, lẹ́yìn náà “Customize fonts”, kí ẹ yan Noto Sans tàbí Charis SIL. Ọ̀fẹ́ ni a lè gba méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà. Ní abẹ́ “Languages”, a lè fi Yorùbá ṣáájú, kí àwọn ojú-ewé tí ó ní Yorùbá lè fi í hàn wá. Google wà lára wọn.

Ẹ̀yin àgbàlagbà tí ojú ń dùn yín, ẹ wá “Accessibility” lórí fóònù, kí ẹ sọ lẹ́tà di ńlá.

A rọ ẹ̀yin àlùfáà kí ẹ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ láyè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ kan, kí wọ́n bá àwọn bàbá àti ìyá wa tún bùráúsà wọn tò. Kò sí ohun kan nínú àwọn tí a kà yìí tí ó ń fẹ́ kí àgbà sọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún ọmọdé. Ẹni tí ó bá bèèrè rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ fún un. Olúwa yóò máa ṣọ́ wa, kí àwa náà máa ṣọ́ra.