Ẹ Má Dá Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Dúró

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa ní Lánlátẹ̀ tí dókítà ti kìlọ̀ fún nípa ọkàn yín la kọ ìwé yìí fún: ẹ̀yin tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, àti ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, pàápàá tí ẹ bá tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí ẹ ń mu sìgá.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní cholesterol, kì í dun èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ iṣan títí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yóò fi há. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dì níbẹ̀, ọkàn tàbí ọpọlọ kò ní rí ẹ̀jẹ̀ gbà mọ́. Ẹ má ṣe tìtorí pé ara yín le kí ẹ má ṣe àyẹ̀wò. Lórí ìwé èsì, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ LDL sí, ìyẹn irú cholesterol tó ń lẹ̀ mọ́ iṣan. Fún ẹni tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, a fẹ́ kó wá sílẹ̀ ju 70 mg/dL lọ. Bí mmol/L ni wọ́n bá lò, 1.8 ni.

Ẹ dín ọ̀rá ẹran màlúù, àbọ̀dí, ọpọlọ ẹran àti wàrà díndín kù. Epo pupa kò ní cholesterol nínú, ṣùgbọ́n irú ọ̀rá tó ń gbé LDL sókè pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó léfòó lórí ọbẹ̀. Ẹ̀wà, ìlasa, ẹ̀fọ́ àti ẹja dára púpọ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá yìí. Oúnjẹ nìkan kì í sábà tó fún ẹni tó wà nínú ewu ńlá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún yín ní oògùn tó ń dín in kù: atorvastatin, simvastatin tàbí rosuvastatin. Ní 1994, ìwádìí lórí aláìsàn ọkàn 4,444 ní àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia fi hàn pé simvastatin dín ikú kù ní ìdá 30 nínú 100.

Ohun tó ń dùn wá jù ni pé bí èsì àyẹ̀wò bá ti dára, àwọn kan á ní oògùn ti ṣiṣẹ́ tán, wọ́n á pa á tì. Oògùn yẹn ló mú kí èsì dára! Bí ẹ bá dá a dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ọ̀rá á tún gòkè. Ojoojúmọ́ ni lílò rẹ̀.

Bí ẹran ara bá ń dùn yín láìnídìí, tàbí tí ìtọ̀ yín dúdú, ẹ tètè wá sí ilé ìwòsàn. Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá lóyún, tí ẹ ń fọ́mọ lọ́mú, tàbí tí ẹ ń mu àgbo. Bí owó oògùn bá sì ń nira, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá bá wa kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ká lè jọ wá èyí tí apá yín ká.