Jíà Tí A Fi Gòkè Ni Kí A Fi Sọ̀ Kalẹ̀

Ẹ̀yin ará wa àgbẹ̀, iṣu tí a kó jáde láti oko kò tíì di owó àfi ìgbà tí ó bá dé ọjà. Àárín oko àti ọjà ni ọ̀nà wà, orí ọ̀nà náà ni òkè sì wà. Ẹni tí ó bá ti gba Hawan Kibo kọjá ní Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí ọ̀nà ti ń ti ìhà Jos sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Akwanga, mọ irú òkè tí à ń wí. Kì í ṣe ẹrù wa nìkan ni ó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyàwó wa, àwọn ìyá wa àti àwọn ọmọ wa máa ń wà nínú ọkọ̀ kan náà. Nítorí náà, àwa tí kì í ṣe awakọ̀ pàápàá ní láti mọ ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró.

Ohun tí bíréèkì ń ṣe

Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ó ń ti òróró bíréèkì gba inú páìpù tín-ín-rín lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Òróró yìí ni ó ń ti láínìn mọ́ ara dúróòmù irin tí ó ń yí pẹ̀lú táyà. Nínú ọkọ̀ mìíràn, páàdì méjì ni ó ń fún awo irin kan mọ́ àárín. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá, afẹ́fẹ́ tí a kì mọ́ inú táńkì ni ó ń ṣe iṣẹ́ òróró. Òun ni a ń gbọ́ tí ó ń dún "ṣìì".

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kíákíá, ẹ ó rí i pé wọ́n gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti bíréèkì. Eré ọkọ̀ kì í dédé parẹ́; ooru ni ó ń dà. Bí ẹrù bá sọ ìwọ̀n ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru yóò di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ bá wọn tọ́ọ̀nù 5, tí ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí ó ga ní mítà 100, tí ó jẹ́ pé bíréèkì nìkan ni ó ń dì í mú, ooru tí yóò wọ inú bíréèkì tó èyí tí ó lè mú omi tútù lítà 16 hó. Ẹ ro bí igi tí a ó fi dáná irú omi bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ tó.

Nígbà tí bíréèkì bá gbóná jù

Láínìn tí ó gbóná jù kì í di dúróòmù mú dáadáa mọ́, dúróòmù pàápàá yóò sì fẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Òróró náà lè hó. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé ìwọ̀n 205 ti Celsius nígbà tí ó bá jẹ́ tuntun. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti gbó, ó lè hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 140. Nígbà náà, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù, ọkọ̀ kò sì ní dúró.

Ẹ́ńjìnnì náà ní bíréèkì tirẹ̀

Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta rí mọ bí ó ti le tó. Nígbà tí jíà bá wà nínú ọkọ̀, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, táyà ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì. Líle ẹ́ńjìnnì yìí ni ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Bí jíà bá ti kéré tó ni ìdìmú náà ń lágbára tó. Ti ẹ́ńjìnnì tí ń lo dísù kò lágbára tó ti bẹntiróòlù. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe ìdérí sí ẹnu páìpù èéfín àwọn ọkọ̀ ńlá kan, tí awakọ̀ lè pa dé nígbà tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Awakọ̀ tí ó fi ọkọ̀ sí fíríì kí epo má baà tán ti já okùn yìí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, epo kì í wọ ẹ́ńjìnnì rárá bí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú jíà. Fíríì gan-an ni ó ń jẹ epo. Èyí tí ó pa iná ọkọ̀ tilẹ̀ burú jù, nítorí bíréèkì àti ọwọ́ ọkọ̀ yóò le.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

1. Kí a wo òróró bíréèkì kí a tó di ẹrù, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì.
2. Kí a ti wọ jíà kékeré kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Bí eré bá ti pọ̀, jíà lè kọ̀ láti wọlé.
3. Kí a tẹ bíréèkì dáadáa kí eré dínkù, kí a sì tú u sílẹ̀ kí ó tutù. Kí a má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀.
4. Lórí ẹrẹ̀, kí a rọra já jíà, kí táyà má baà yọ̀.
5. Bí òórùn jíjó bá ń jáde, kí a dúró, kí a fi igi dí táyà, kí a jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀. Kí a má ṣe da omi sí dúróòmù gbígbóná. Ó lè sán.

Ẹ̀yin tí ẹ bá jókòó lẹ́yìn, ẹ fi etí sílẹ̀. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá rọlẹ̀ nígbà tí eré ọkọ̀ ń pọ̀ sí i lórí ìsọ̀kalẹ̀, fíríì ni awakọ̀ wà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dákẹ́. Iṣu tí ó pẹ́ dé ọjà ṣì lè rí ẹni rà á.