Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kò Gba Oúnjẹ Kan: Ẹ Yọ Èyí Tí Ó Ń Ṣe É, Ẹ Má Fi Ebi Pa Á

Àwọn onímọ̀ nípa ìlera ọmọdé ń kìlọ̀ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má ṣe tìtorí ìbẹ̀rù fi ebi pa ọmọ tí ara rẹ̀ kò bá gba irú oúnjẹ kan. Ohun tí ó tọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe là á kalẹ̀, ni kí a yọ oúnjẹ tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ nìkan kúrò nínú àwo ọmọ náà, kí a sì fi òmíràn tí yóò ṣe ara lóore bákan náà rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ilé kan yàtọ̀. Àwọn òbí kan kì í gbà pé oúnjẹ lè ṣe ọmọ ní ibi, wọ́n á ní aràn ni ó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn mìíràn á sì ká gbogbo oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, títí yóò fi ku ẹ̀kọ nìkan.

Nínú ara ènìyàn ni àwọn ọmọ ogun wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà tí wọ́n bá ṣi mílíìkì tàbí ẹyin mú fún ọ̀tá, ara á gbógun tì í. Èyí ni àwọn òyìnbó ń pè ní alẹ́jì. Ara ọmọ á máa yún un, á sì lé wúruwùru. Ojú tàbí ètè rẹ̀ á wú. Ó lè máa bì tàbí kí ó máa yàgbẹ́ gbuuru, lọ́pọ̀ ìgbà kí wákàtí 2 tó pé lẹ́yìn oúnjẹ. Èyí kì í ṣe èèwọ̀ ìdílé, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ó tún yàtọ̀ sí ti àwọn tí inú wọn máa ń rú bí wọ́n bá mu mílíìkì, nítorí pé ìfun wọn kò lè da ṣúgà inú rẹ̀. Ìyẹn ń ni ènìyàn lára, ṣùgbọ́n kì í pa ènìyàn.

Àwọn oúnjẹ tí ó sábà máa ń fa wàhálà yìí kò pọ̀ rárá: mílíìkì màlúù, ẹyin, ẹ̀pà, kajú àti àwọn ẹbí rẹ̀, ẹja, edé àti alákàn, sóyà, àlìkámà àti yànmọ̀tí. Ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí ni ó pọ̀. Ẹ̀pà wà nínú kúlíkúlí, ó sì wà nínú ata tí ọlọ́sùyà ń wọ́n sí ẹran. Ẹyin ń bẹ nínú mọ́ínmọ́ín, edé lílọ̀ sì ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Mílíìkì ni wàrà, mílíìkì náà ni núnù. Ti ewúrẹ́ kò sì lè rọ́pò ti màlúù, nítorí pé wọ́n jọra jù. Àjọ NAFDAC ti pa á láṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ inú agolo àti inú ọ̀rá kọ àwọn èròjà rẹ̀ sí i lára, ó sì yẹ kí òbí máa kà á. Oúnjẹ ẹ̀gbẹ́ títì kò ní ìwé lára. Ẹnu ni a ó fi bi olóúnjẹ, títí kan epo tí ó fi dín àkàrà, bóyá ó ti kọ́kọ́ fi dín ẹja.

Ewu kejì ni àìjẹunre-kánú. Ní ọdún 2001, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn ọmọ 12 tí wọ́n rí kwashiorkor lára wọn láàárín ọdún 9. Èdè Gã ní ilẹ̀ Gánà ni orúkọ àìsàn náà ti wá, Dókítà Cicely Williams ni ó sì mú un wọ inú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1935. Kò sí ẹni tí ó ń retí rẹ̀ ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀. Ọmọ 2 péré ni ọ̀ràn àìlówó tàbí ìṣòro ilé kàn nínú wọn. Ìdajì wọn jẹ́ ọmọ tí òbí wọn rò pé ara wọn kò gba mílíìkì, tí wọ́n sì wá ohun tí kò ní purotéènì tí ó tó fún ọmọ láti fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀kọ lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ní Nàìjíríà. Ọmọ tí kò lè mu mílíìkì nílò ẹ̀wà, ẹyin, ẹran àti ẹja, pàápàá ẹja wẹ́wẹ́ tí a lè jẹ teegunteegun, kí egungun tirẹ̀ náà lè le. Ọmọ tí kò lè jẹ ẹyin lè jẹ mọ́ínmọ́ín tí a kò fi ẹyin sí. Ti àlìkámà ni ó rọrùn jù ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí iyán, àmàlà, ẹ̀bà àti ìrẹsì ti wà. Búrẹ́dì àti nudulu ni ọmọ á máa wò láti òkèèrè. Ní ti ọmọ ọwọ́, kí ìyá má ṣe já a lẹ́nu ọmú. Dókítà lè ní kí ìyá fúnra rẹ̀ dẹ́kun mílíìkì fún ìgbà díẹ̀. Kí àwọn ìyá sì ṣọ́ra fún ògì tí a po mọ́ sóyà àti ẹ̀pà. Bákan náà ni oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí àìjẹunre-kánú ti bá jìnnà ní ilé ìwòsàn: ẹ̀pà àti mílíìkì ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, nítorí náà kí òbí tètè sọ̀rọ̀.

Àṣà kan wà tí ó yẹ kí a pa tì. Bí oúnjẹ bá ṣe ènìyàn, àwọn aládùúgbò á ti gbé epo pupa àti mílíìkì dé, wọ́n á ní májèlé ni. Ẹ ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá jẹ́ mílíìkì gan-an ni ara ọmọ náà kò gbà! Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, tí ohùn rẹ̀ há, tí ó ń dákú lọ, tàbí tí ara rẹ̀ lé tí ó sì ń bì léraléra, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Abẹ́rẹ́ adrenaline ní itan ni ìtọ́jú rẹ̀, kíákíá, ní ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ jù. Oògùn ara yíyún kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kí ọmọ dùbúlẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè; bí èémí bá ń ni ín lára, kí ó jókòó. Kí a má ṣe jẹ́ kí ó fẹsẹ̀ rìn.

Ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dun ọmọ jù. Ìwà ọmọlúàbí ni kí ọmọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì gba ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ẹyin kò lè jẹ kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n pín ní kíláàsì, bí ó bá sì kọ̀ ọ́, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ń gbéraga. Kí òbí kọ ìwé fún olùkọ́, kí ó sì fi ìpápánu tirẹ̀ sí ọwọ́ olùkọ́ náà de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 5 lè kọ́ bí a ti ń sọ pé, “Ẹ ṣé mà, ara mi kò gbà á.” Ìyá àgbà tí ó ń sọ pé “Tọ́ ọ wò, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan” ni ó le jù láti dá lóhùn. Òun náà ni kí a kọ́kọ́ jókòó tì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí a ṣàlàyé fún un.

Ìmọ̀ràn fún ọmọ tí kò tíì ní alẹ́jì ẹ̀pà pàápàá ti yí padà. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kí ọmọ tí ewu rẹ̀ pọ̀ má fẹnu kan ẹ̀pà títí yóò fi pé ọdún 3. Wọ́n pa ìmọ̀ràn náà tì ní ọdún 2008. Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ọwọ́ 640 tí awọ ara wọn ń ṣe wọ́n gidigidi tàbí tí ara wọn kò gba ẹyin. Nígbà tí wọ́n pé ọdún 5, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi ẹ̀pà dù, nǹkan bí 17 ni ara wọn kò gbà á. Nínú àwọn tí ń jẹ ẹ́ láti kékeré, nǹkan bí 3 ni. Ẹ̀pà lílọ̀ tí ó kúnná ni ọmọ ọwọ́ lè jẹ, kì í ṣe oníhóró tí ó lè há a lọ́fun. Ọmọ tí awọ ara rẹ̀ bá ń ṣe é gidigidi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kò gba mílíìkì tàbí ẹyin ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń dàgbà. Ti ẹ̀pà kì í sábà lọ. Nǹkan bí ọmọ 1 nínú 5 ni ó ń bọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí ọmọ máa padà lọ rí dókítà láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n lè dá oúnjẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ padà fún un bí ó bá ti tó àkókò. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná.